Wíwẹ̀, Wíwọ Bùbá, Títẹ Ẹ̀bà: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Ìtọ́jú OT

Occupational therapy ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún, ṣùgbọ́n OT ni gbogbo ènìyàn ń pè é ní ọsibítù, òun náà ni màá sì lò níbí. Ìtọ́jú tó ń ran aláìsàn lọ́wọ́ láti tún máa dá ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́ rẹ̀ ni, OT náà la sì ń pe àwa òṣìṣẹ́ tó ń ṣe é. Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ni ẹbí aláìsàn máa ń bi wá jù, pàápàá àwọn tí rọpárọsẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ lu bàbá tàbí ìyá wọn. Ìdáhùn kan gùn, òmíràn kúrú. Bí ọ̀rọ̀ kálukú bá ṣe wúwo tó ni.

Kí ni ìyàtọ̀ láàárín OT àti físíò?

Àwọn méjèèjì jọ ń ṣiṣẹ́ ni, iṣẹ́ wọn sì máa ń wọnú ara wọn. Físíò (physiotherapy) a máa wo ara fúnra rẹ̀: ṣé iṣan ẹsẹ̀ lágbára, ṣé oríkèé ń yí dáadáa, ṣé aláìsàn lè dìde kó sì rìn. OT a máa béèrè pé, tó bá ti dìde tán, kí ló fẹ́ lọ ṣe? Ṣé ó lè wẹ̀? Ṣé ó lè padà sí ìsọ̀ rẹ̀? Bí kò bá lè ṣe é, níbo gan-an ló ti há? Ọwọ́ ni, ojú ni, ìrántí ni, àbí àpótí tó ń jókòó lé ló kéré jù?

Wíwẹ̀ àti jíjẹun náà lẹ fi ń ṣe ìtọ́jú? Kí ló wá jẹ́ oògùn níbẹ̀?

Mo fẹ́ràn ìbéèrè yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbínú ni wọ́n sábà máa ń fi béèrè rẹ̀. Wọ́n ti sanwó, wọ́n ti gbé màmá wọn wọ mọ́tò láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n wá bá OT tó ní kí màmá wá tẹ ẹ̀bà.

Ẹ wo títẹ ẹ̀bà náà dáadáa. Màmá ní láti rántí pé omi wà lórí iná, kí wọ́n sì mọ̀ nígbà tó bá hó. Wọ́n á dìde, wọ́n á di ìkòkò mú, wọ́n á da omi sí abọ́ láìjó ara wọn. Wọ́n á wọn gàrí sí i díẹ̀díẹ̀, wọ́n á fojú díwọ̀n rẹ̀, wọ́n á dé e, wọ́n á ní sùúrù, lẹ́yìn náà wọ́n á fi orógùn rò ó nígbà tí ọwọ́ kejì di abọ́ mú. Ìrántí, ojú, ìdúró àti agbára ọwọ́, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú iṣẹ́ tí kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Bí mo bá jókòó tí mo ń wò wọ́n, mo máa rí ohun tí àyẹ̀wò orí bẹ́ẹ̀dì kò lè fi hàn mí. Mo lè rí i pé ọwọ́ lágbára tó, àmọ́ wọ́n gbàgbé iná. Mo sì lè rí i pé orí wọn pé pérépéré, abọ́ ló ń sá lọ nítorí pé ọwọ́ òsì kò lè dì í mú. Ti àkọ́kọ́ gba pé kí ẹnìkan máa wà pẹ̀lú wọn ní ilé ìdáná. Ti èkejì, àkísà tútù kan tí a tẹ́ sábẹ́ abọ́ ti yanjú rẹ̀, abọ́ kò ní yọ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ ọpọlọ náà tún wà níbẹ̀. Ọpọlọ tó farapa, ohun tí a bá fi kọ́ ọ gan-an ló ń mọ̀. Ẹni tó bá ń tẹ bọ́ọ̀lù rọ́bà lójoojúmọ́ á di ọ̀gá nínú bọ́ọ̀lù rọ́bà títẹ̀. Kò dájú pé á mọ bọ́tìnnì í dè. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bọ́tìnnì í dè, bọ́tìnnì ni kó máa dè, léraléra, láti orí ńlá bọ́ sí kékeré.

Ṣùgbọ́n mo ti rí OT tó ń fún aláìsàn ní kóònù oníke, ike tí orí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, láti máa tò lórí ara wọn.

Wọ́n pọ̀. Ó rọ òṣìṣẹ́ lọ́rùn ni: kóònù kì í dànù, kì í jó èèyàn lọ́wọ́, aláìsàn márùn-ún sì lè jókòó tì í lẹ́ẹ̀kan náà. Àwa OT fúnra wa ti ń bá ara wa jà lórí rẹ̀ ó ti pẹ́. Ní 2018, ẹgbẹ́ àwọn OT ilẹ̀ Amẹ́ríkà kọ àwọn ohun tó yẹ kí òṣìṣẹ́ wọn jáwọ́ nínú rẹ̀ síta. Ọ̀kan nínú wọn ni fífi ohun tí kò jẹ mọ́ ìgbésí ayé aláìsàn ṣe ìtọ́jú, kóònù sì wà lára ohun tí wọ́n dárúkọ.

Lójú tèmi, bó bá jẹ́ pé ìka la fẹ́ kó máa mú nǹkan kéékèèké, ayò ló dé. Ihò 12, ọmọ ayò 48. Kí bàbá kó ọmọ ayò jọ sí àtẹ́lẹwọ́, kí wọ́n máa fi ìka jù ú sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí orí máa ṣírò ibi tí ti ìkẹyìn máa bọ́ sí, kí ẹnu sì máa bú ọ̀tá. Bàbá tó ní òun kò ní tò kóònù nítorí pé eré ọmọdé ni, ẹ gbé ọpọ́n ayò síwájú wọn kí ẹ wò ó. Fún àwọn ìyá, ẹ̀wà ṣíṣà wà, ewé ewédú jíjá kúrò lára igi rẹ̀ náà wà. Ọbẹ̀ á sì ti inú rẹ̀ jáde lálẹ́, èyí tí kóònù kò lè ṣe.

Bàbá mi ni. Ṣé kí n wá jókòó kí n máa wò wọ́n kí wọ́n máa bá bùbá jìjàkadì ni? Ṣé ìyẹn kì í ṣe ìwà àfojúdi?

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń wá. Wọ́n kọ́ gbogbo wa pé àgbà kì í gbé garawa omi nígbà tí ọmọ wà nílé. Nígbà tí àìsàn bá wá dé, àwọn ọmọ á rọ̀gbà yí bàbá ká, eléyìí ń fún wọn lóúnjẹ, tọ̀hún ń wẹ̀ wọ́n, ẹ̀kẹta ń wọṣọ fún wọn. Tó bá fi máa di oṣù mélòó kan, bàbá tó ń fi ṣíbí jẹun fúnra wọn nígbà tí wọ́n kúrò ní ọsibítù kò lè ṣe é mọ́. Àìsàn kọ́ ló gba ṣíbí lọ́wọ́ wọn. Àwọn ọmọ wọn ló gbà á, tìfẹ́tìfẹ́. Ohun tó ń fún wa ní iṣẹ́ jù nílẹ̀ Yorùbá kì í ṣe iṣan aláìsàn, àwọn ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ilé ni.

Ọ̀nà wà tí a lè gbé e gbà. Ẹ má dúró lé wọn lórí, ẹ jókòó tì wọ́n. Ẹ má pàṣẹ pé kí wọ́n wọ̀ ọ́ fúnra wọn. Ẹ bi wọ́n pé, "Bàbá, apá wo ni ká kọ́kọ́ kì bọ̀ ọ́?" kí ó jẹ́ àwọn ló ń darí yín. Ẹ bá wọn ṣe ibi tó le, kí ẹ fi ìparí sílẹ̀ fún wọn: kó jẹ́ ọwọ́ wọn ló fa bùbá wálẹ̀ sí ìdí. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ẹ fi díẹ̀ sí i sílẹ̀. Aláìsàn tó bá parí nǹkan fúnra rẹ̀ lójoojúmọ́ á fẹ́ tún un ṣe lọ́la.

Ní ti bùbá gan-an, apá tó rọ ni kó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, òun náà ni kó bọ́ ọ kẹ́yìn. Kí wọ́n jókòó sórí àga tó ní ẹ̀yìn, kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀. Ẹ tẹ́ bùbá sórí itan wọn, kí ọrùn rẹ̀ jìnnà sí wọn. Kí ọwọ́ tó dáa ti ọwọ́ tó rọ bọ inú apá aṣọ, kó fà á kọjá ìgúnpá, títí dé èjìká. Bí aṣọ kò bá tíì kọjá ìgúnpá, gbogbo ìyókù máa há. Lẹ́yìn náà ni orí, kí apá tó dáa wá gbẹ̀yìn. Bùbá rọrùn gan-an fún èyí nítorí pé apá rẹ̀ fẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì ni iṣẹ́. Ṣòkòtò olókùn ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ọwọ́ kan kò lè so okùn ṣòkòtò kó dúró, bàbá tí ṣòkòtò bá sì já bọ́ lójú àwọn ìyàwó ilé lẹ́ẹ̀kan lè má fẹ́ jáde nínú yàrá mọ́. Ẹ gbé e fún télọ̀ kó fi rọ́bà sí ìdí rẹ̀.

Bí ẹ bá sì ń kánjú lọ síbì kan láàárọ̀, ẹ wọ̀ ọ́ fún wọn, kò sí wàhálà. Ẹ fi ìdánrawò sí ìgbà tí ọwọ́ dilẹ̀.

Ọwọ́ ọ̀tún ló rọ. Ṣé kí wọ́n wá máa fi òsì jẹun ni?

Àwọn àgbàlagbà kan wà tí wọ́n fara mọ́ kí ebi pa wọ́n ju kí àlejò bá wọn níbi tí wọ́n ti ń fi òsì bu òkèlè. Ẹ má fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣíbí lọ́wọ́ òsì ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń gbà, nítorí pé ṣíbí ló ń kan oúnjẹ, ọwọ́ kọ́. Bó bá jẹ́ àmàlà, ẹ ti gé e sí òkèlè sínú ọbẹ̀ kó tó dé iwájú wọn.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún kò gbọ́dọ̀ jókòó sí itan. Ẹ gbé e sórí tábìlì, kó tẹ etí àwo mọ́lẹ̀, kó jẹ́ pé òun náà wà níbi oúnjẹ. Ọwọ́ tí a kò bá lò láti àárọ̀ di alẹ́, ọpọlọ á máa gbàgbé rẹ̀, kódà nígbà tí agbára bá ti ń padà sínú rẹ̀. Edward Taub, onímọ̀ kan ní Yunifásítì Alabama ní Birmingham, ní Amẹ́ríkà, ló sọ ìyẹn di ìtọ́jú. Wọ́n á wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn fún ọwọ́ tó dáa, kó lè di dandan fún ọwọ́ tó rọ láti ṣiṣẹ́. Ìwádìí ńlá kan tó jáde lórí rẹ̀ ní 2006 gba ènìyàn 222 tí rọpárọsẹ̀ ti kọ lù ní oṣù 3 sí 9 ṣáájú. Ọ̀sẹ̀ méjì ni apá kan nínú wọn fi wọ ìbọ̀wọ́ náà, nǹkan bí ìdá 90 nínú 100 àkókò tí ojú wọn là, wọ́n sì ń fi ọwọ́ kejì ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ọwọ́ wọn padà bọ̀ sípò ju ti àwọn tó gba ìtọ́jú bó ṣe máa ń rí, èrè náà sì wà síbẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ dá a ṣe nílé. Àwọn tí ọrùn ọwọ́ àti ìka wọn ṣì lè gbéra díẹ̀ ni wọ́n yàn sínú rẹ̀, kì í ṣe ọwọ́ tó rọ jọwọrọ. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì tíì ranlẹ̀ lè ṣubú bí a bá di ọwọ́ tó fi ń di ògiri mú.

Màmá máa ń jẹ ìdajì oúnjẹ, wọ́n á ní àwọn ti jẹ ẹ́ tán. Ṣé ìrẹ̀wẹ̀sì ni?

Ẹ wo ìdajì tó ṣẹ́ kù. Bó bá jẹ́ apá òsì àwo ló máa ń ṣẹ́ kù ní gbogbo ìgbà, tí ìdí àwo sì mọ́ fínnífínní lápá ọ̀tún, ó ṣeé ṣe kí ọpọlọ wọn má máa ka apá òsì ayé sí mọ́. Ojú wọn lè dáa. Ọpọlọ ni kò yíjú síbẹ̀. Àwọn kan á kun pọ́ńdà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún nìkan, wọ́n á sì máa fi èjìká òsì gbá ilẹ̀kùn. Ẹ yí àwo náà po, ẹ ó gbọ́ tí wọ́n á ní, "Ṣé ẹ tún bù ú ni?" Ní ti ìtọ́jú, ẹ so aṣọ pupa mọ́ etí tábìlì lápá òsì, kí ẹ sì kọ́ wọn pé kí wọ́n wá aṣọ pupa náà rí kí wọ́n tó sọ pé oúnjẹ tán. Ẹ sọ fún dókítà pẹ̀lú.

Ta ló ń yan iṣẹ́ tí aláìsàn máa ṣe?

Aláìsàn ni. Rírìn ni gbogbo ẹbí máa ń béèrè, "Ìgbà wo ni wọ́n máa rìn?" Bí a bá wá bi ẹni tó ni ara, ohun mìíràn ló lè sọ. Aláṣọ kan lè sọ pé òun kò bìkítà bí wọ́n bá ń wẹ òun, kí òun ṣáà ti lè ka owó kí òun sì ká ìpele aṣọ. Alhaji lè fẹ́ ṣe àlùwàlá fúnra wọn. Ìyàwó tuntun lè sọ pé kíkúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ òun láì dì mọ́ àga ni òun fẹ́.

Àwọn OT ilẹ̀ Kánádà tẹ ìwé ìbéèrè kan jáde ní 1991 fún èyí. Aláìsàn fúnra rẹ̀ á fi máàkì láti 1 dé 10 sí bí iṣẹ́ kan ṣe ṣe pàtàkì sí i tó, bó ṣe ń ṣe é sí, àti bó ṣe tẹ́ ẹ lọ́rùn tó. Lẹ́yìn ìtọ́jú, wọ́n á tún bi í. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju àwọn ìwé tó ń fi máàkì sí lílọ sí ìgbọ̀nsẹ̀ àti gígun àtẹ̀gùn lọ, nítorí pé kíkúnlẹ̀ kò sí nínú èyíkéyìí nínú wọn.

Ṣé ohun òyìnbó kọ́ ni gbogbo èyí?

Orúkọ náà ni wọ́n sọ ní òkè òkun. Ní oṣù kẹta 1917, ní Clifton Springs ní ìpínlẹ̀ New York, àwọn ènìyàn díẹ̀ péjọ sílé George Barton, ayàwòrán ilé kan tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ti bá fínra tí apá òsì ara rẹ̀ sì ti rọ rí. Iṣẹ́ ọgbà àti iṣẹ́ káfíńtà ló fi tún ara rẹ̀ gbé dìde. Eleanor Clarke Slagle wà lára wọn, obìnrin tó ń fi jíjí, wíwẹ̀, jíjẹun, iṣẹ́ àti eré tò ọjọ́ fún àwọn alárùn ọpọlọ tí ọsibítù ti gbàgbé. Ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀ ló di ẹgbẹ́ OT Amẹ́ríkà.

Ṣùgbọ́n Abẹ́òkúta ni kí ẹ wò. Ní 1954, Dókítà Thomas Adeoye Lambo, tó padà di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé, bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé ní ọsibítù ọpọlọ Aro. Dókítà ọpọlọ ni, kì í ṣe OT. Dípò kó ti gbogbo aláìsàn mọ́ inú wọ́ọ̀dù, ó bá àwọn abúlé tó yí ọsibítù náà ká ṣe àdéhùn. Aláìsàn á gba yàrá síbẹ̀, pẹ̀lú ẹbí kan ó kéré tán tí yóò máa tọ́jú rẹ̀. Wọ́n á lọ gba oògùn àti ìtọ́jú ní Aro, wọ́n á padà sí abúlé, wọ́n á lọ sóko, wọ́n á bá wọn lọ́wọ́ sí ohunkóhun tí abúlé bá ń ṣe. Ẹni tí ilé rẹ̀ ti ń pè ní wèrè wá ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ebè, wọ́n ń kí i pé ẹ kú iṣẹ́. Àwọn dókítà láti orílẹ̀-èdè mìíràn wá wò ó. Títí di òní, bí a bá ń tọ́jú ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì mú tàbí tí orí rẹ̀ dàrú, ibẹ̀ náà la ti ń bẹ̀rẹ̀: aago mélòó lo jí, kí lo jẹ, ta lo bá ṣe nǹkan pọ̀ lánàá?

Ọmọdé ń kọ́?

Iṣẹ́ ọmọdé ni eré. Ọmọ tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ gan láti ìgbà ìbí, eré la fi ń kọ́ ọ bí a ṣe ń jókòó, bí a ṣe ń nawọ́. Bó bá ti tó ilé ìwé, ó kan yúnífọ́ọ̀mù wíwọ̀, omi bíbù àti pẹ́ńsù dídìmú.

Ẹ̀rí wo ló wà pé ó ń ṣiṣẹ́?

Ẹ̀rí wà, kì í sì í ṣe níbi gbogbo ló ti lágbára. Èyí tí mo máa ń tọ́ka sí jù wá láti Los Angeles, tó jáde ní 1997. Florence Clark àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pín arúgbó 361 sí ọ̀nà mẹ́ta: àwọn kan gba OT fún oṣù mẹ́sàn-án lórí bí wọ́n ṣe máa tún ọjọ́ wọn tò, àwọn kan kàn ń péjọ ṣe fàájì, àwọn tó kù kò gba nǹkan kan. Àwọn tó gba OT jèrè nínú ìlera àti ìgbádùn ayé wọn. Fàájì lásán kò yàtọ̀ sí àìṣe nǹkan kan. Nítorí náà, kí ọwọ́ ṣáà ti dí kò tó. Iṣẹ́ náà ní láti jẹ́ ti ẹni náà.

Fún rọpárọsẹ̀, àkójọ ìwádìí tí Cochrane, ẹgbẹ́ tó ń kó ìwádìí ìṣègùn jọ láti yẹ̀ wọ́n wò, tẹ̀ jáde ní 2017 rí i pé àwọn tí OT bá ṣiṣẹ́ lórí wíwẹ̀, wíwọṣọ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ ń dá a ṣe ju àwọn tí kò gbà á, àmọ́ wọ́n sọ pé ẹ̀rí náà kò tíì dúró ṣinṣin. Ìwádìí kan sì wà ní ilẹ̀ Bírítéènì, tó jáde ní 2015, tí wọ́n ṣe láàárín ènìyàn 1,042 tí rọpárọsẹ̀ ti bá jà, tí wọ́n ń gbé ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. OT kò yí nǹkan padà fún wọn. Ọ̀pọ̀ wọn ni ara wọn ti rẹ̀ jìnnà kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí a bá tọ́jú ló máa dá wẹ̀, ó sì yẹ kí a lè sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹbí.

Níbo la ti lè rí OT?

A kò pọ̀ ní Nàìjíríà. Ẹ béèrè ní ọsibítù ìkọ́ni ńlá àti ní àwọn ọsibítù ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ bíi Aro àti Yaba. Ti Ọ̀ṣòdì tilẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ OT tirẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá pe ara rẹ̀ ní OT, ẹ bi í bóyá orúkọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ Medical Rehabilitation Therapists Board, ìgbìmọ̀ tí òfin gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Ẹni tí òbí rẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè pe council (ìjọba ìbílẹ̀) àdúgbò rẹ̀ kí OT wá wo ilé. Irinṣẹ́ àti àtúnṣe kéékèèké tí owó rẹ̀ kò bá kọjá £1,000 kò yẹ kí wọ́n gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n bá rí i pé ó nílò rẹ̀.

Kí la lè ṣe kí a tó pàdé OT?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti balùwẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣubú jù. Ẹ gbé àpótí kúrò, ẹ fi àga oníke tó ní apá dípò rẹ̀, kí ẹ sì gbé garawa lé orí àpótí náà lápá ibi tí ọwọ́ tó dáa wà. Ẹ fi ọṣẹ sínú ìbọ̀sẹ̀ kí ẹ so ó mọ́ àga, kó má baà máa bọ́. Ọwọ́ tó dáa ni kó máa tọ́ omi wò. Èyí tó rọ lè má mọ̀ pé omi ń jó òun. Bí ẹ bá sì ń gbé wọn dìde, ẹ má fi ọwọ́ tó rọ fà wọ́n, èjìká rẹ̀ lè yẹ̀.

Ẹ kọ ọjọ́ kan sílẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n jí títí wọ́n fi sùn: ohun tí wọ́n dá ṣe, ohun tí ẹ bá wọn ṣe. Ẹ fi fóònù ya balùwẹ̀, àtẹ̀gùn àti ilé ìdáná. Ẹ mú bùbá tí wọ́n ń wọ̀ gan-an àti abọ́ tí wọ́n fi ń jẹun dání. Bí ẹ bá sì ń bọ̀, kí ẹni tó ń wẹ̀ wọ́n láàárọ̀ bá wa wá, kó má jẹ́ ẹni tó ń sanwó nìkan.